Ẹ̀KỌ́ KẸTÀLÁ: ÌRORA ALÁÌSÀN JẸJẸRẸ

Láti Ìjẹ̀bú-Òde, aláìsàn jẹjẹrẹ lè gba ìtọ́jú onítànṣán ní UCH, Ìbàdàn, tàbí ní LUTH, Èkó. Ẹ̀rọ náà fúnra rẹ̀ kì í dunni. Ṣùgbọ́n tó bá yá, ara ibẹ̀ lè bó, ẹnu sì lè máa ta. Ẹ má fi àgbo tàbí òrí pa á. Ẹ bi nọ́ọ̀sì ná.

Àwọn kan a ní, “Kó fara dà á!” Àwa kò gbà bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ìrora kò jẹ́ kó sùn lè sá fún ìtọ́jú kó tó parí.

Ní 1986, Àjọ Ìlera Àgbáyé to oògùn ìrora bí àkàbà. Parasẹ́támọ̀ wà nísàlẹ̀. Mọ́fíìnì wà lókè, fún ìrora ńlá. Wákàtí 4-4 ni a sábà máa ń lo mọ́fíìnì olómi. Ẹ má dúró kí ìrora tó padà. Kì í ṣe oògùn ikú, bí ẹ bá lò ó bí dókítà ti wí. Ó lè mú ìgbẹ́ le. Ẹ béèrè oògùn ìyẹn náà.

Ẹ̀yin tí ẹ ti mọ̀wé, ẹ mú bírò. Ẹ kọ aago tí aláìsàn lo oògùn. Ẹ kọ bí ìrora ti tó, láti 0 dé 10. Ẹ fi han dókítà.

Ìbéèrè: Kí ni 0? Kí ni 10?