Ojú Tó Ti Bó, Ẹ Fẹ̀sọ̀ Mú Un

Àwọn àgbà ní bí a bá ní ká máa wo dídùn ifọ̀n, a ó họra dé eegun. Òwe yìí bá ọ̀pọ̀ ojú mu tí èèyàn ń rí lójà Ìkẹ́rẹ́, ní Ìsẹ̀ àti ní Emùré, ní Èkìtì. Ìpara ti bó ojú, ó pọ́n, omi lásán kàn án, ó ń ta. Dípò kí olójú sinmi, ìpara tó le ju ti àkọ́kọ́ lọ ló tún ń wá kiri. Á fi kàn-ìn-kàn-ìn bó o, á fún ọsàn wẹ́wẹ́ sí i, á ní ìdọ̀tí ló kù níbẹ̀. Kò sí ìdọ̀tí kankan níbẹ̀. Egbò ló ń fọ̀.

Òkè pátápátá awọ wa dà bí ògiri búlọ́ọ̀kù: àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ti gbẹ ni búlọ́ọ̀kù, àwọn ọ̀rá bíi ceramide àti cholesterol ni sìmẹ́ǹtì tó so wọ́n pọ̀. Òun ni kì í jẹ́ kí omi ara wa gbẹ, òun náà ló ń lé kòkòrò àrùn sẹ́yìn. Awọ tó dá ṣáṣá máa ń kan díẹ̀, pH rẹ̀ kì í jìnnà sí 5 (bí iye pH bá ṣe kéré tó ni nǹkan ṣe ń kan tó). Ọṣẹ dúdú tí a fi eérú sè lè tó 9 tàbí 10. Ara tó le lè gbà á, awọ tó ti bó kò gbà á. Ọsàn wẹ́wẹ́ tún kan kọjá ààlà, bí oòrùn bá sì bá omi rẹ̀ lójú èèyàn, ó lè jó o bí iná. Nígbà tí ọyẹ́ bá tún dé, ìwọ̀nba omi tó kù náà ni yóò fà lọ.

Ohun tó ń ba ògiri yìí jẹ́ jù lọ ládùúgbò wa ni ìpara ìbóra, pàápàá èyí tí wọ́n pò pọ̀ sínú ike tí kò ní orúkọ kankan lára. Hydroquinone lè wà níbẹ̀. Tó bá pẹ́ lára, dúdú bí aró ló lè sọ ojú àti oríkèé ọwọ́ dà, òdìkejì ohun tí a torí rẹ̀ náwó. Mẹ́kúrì lè wà níbẹ̀, kíndìnrín ló sì ń bá jà. Ní 2023, ọ̀gá àgbà àjọ NAFDAC, Ọ̀jọ̀gbọ́n Mojísọ́lá Adéyẹyè, sọ gbangba pé bíbóra ti di ọ̀ràn pàjáwìrì fún ìlera orílẹ̀-èdè Nàìjíríà. Côte d'Ivoire ti fòfin de irú ìpara bẹ́ẹ̀ láti 2015.

Nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ kí ojú rẹ̀ san, kó kọ́kọ́ dá ọwọ́ ìbàjẹ́ dúró. Màásìkì ojú, ìyẹn ohun tí a ń fi bo ojú fún ìṣẹ́jú díẹ̀, kò lè tún ohun tí a ń wó lójoojúmọ́ kọ́. Ìrànlọ́wọ́ ni, ó ń tu ojú lára, ó ń dá omi padà fún un, ara fúnra rẹ̀ ni yóò tún ara ṣe.

Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ la ń pa àmúkùrù ẹ̀pọ̀n. Bí ẹ bá máa ra màásìkì, ẹ ka ara páálí rẹ̀: glycerin, panthenol, óòtì àti ètí erin (aloe vera) dára. Èyí tó ń ta sánsán, tó ní ọtí, tàbí tó ní menthol tó ń mú ojú tutù rinrin, ẹ fi sílẹ̀ fún olówó rẹ̀. Títa kì í ṣe àmì pé ó ń ṣiṣẹ́. Ẹni tí kò lówó rẹ̀, kó lọ óòtì tí a ń sè jẹ láàárọ̀ kó kúnná bí elùbọ́, kó fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ pò ó, kó fi bo ojú. Láti 2003 ni àjọ FDA ti Amẹ́ríkà ti ka óòtì kíkúnná mọ́ ohun tó ń dáàbò bo awọ. Bó bá jẹ́ ètí erin ẹ̀yìnkùlé ni, ẹ gé e, ẹ gbé e dúró kí oje aláwọ̀ ìyeyè rẹ̀ ro tán, torí oje yẹn ń yún èèyàn. Ohunkóhun tó wù kó jẹ́, ẹ kọ́kọ́ fi díẹ̀ sí inú apá, kó di ọjọ́ kejì kó tó kan ojú.

Ti màásìkì amọ̀ ńkọ́? Èkìtì kò ṣaláìní amọ̀ tó dára, ìkòkò Ìṣàn jẹ́rìí sí i. Ṣùgbọ́n ọ̀rá ni amọ̀ ń fà kúrò lójú, ọ̀rá yẹn gan-an ni ojú tó bó ń wá.

Ìṣẹ́jú 15 sí 20 ti tó fún màásìkì. Ẹ má fi sùn, ẹ má jẹ́ kó gbẹ mọ́jú. Ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ kò kéré. Bí ẹ bá yọ ọ́, kí ojú tó gbẹ tán, ẹ fi òrí tàbí vaseline díẹ̀ bò ó, kí ẹ sì wá fìlà tàbí agboòrùn. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́: ó ń tó nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin kí awọ tó pààrọ̀ ara rẹ̀, ó sì ń pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ lára àgbàlagbà.

Ti àwọn tó ti ń fi ìpara tó ní oògùn sítẹ́rọ́ìdì bíi clobetasol tàbí betamethasone pa ojú fún oṣù púpọ̀ yàtọ̀. Bí wọ́n bá já a lójijì, ojú lè pọ́n kó wú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ẹ má dá a ṣe. Ẹ lọ sí ilé ìwòsàn ìjọba tó sún mọ́ yín, kí wọ́n kọ̀wé fún yín sí ilé ìwòsàn ìkọ́ni ní Adó tàbí Ìdó bó bá yẹ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ mú ike ìpara náà dání, kí dókítà rí ohun tó wà nínú rẹ̀.