Ẹ̀rọ àti Ọwọ́ nínú Ẹ̀kọ́ Ìtọ́jú Àlejò

Ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ìtọ́jú àlejò ni mo fẹ́ bá yín sọ, àti bí ó ti yẹ kí a máa kọ́ni ní iṣẹ́ náà. Ẹlòmíràn lè wí pé, ẹ̀kọ́ wo ni ó wà nínú èyí? Ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà wa, ọmọ tí kò tíì mọ ìwé kà ti mọ̀ pé omi ni a kọ́kọ́ ń gbé fún àlejò. Bẹ́ẹ̀ ni, ṣùgbọ́n àlejò ilé kì í sanwó. Ẹni tí ó wọ̀ sí hòtẹ́ẹ̀lì ti sanwó, ó sì ní ẹ̀tọ́ láti bá yàrá rẹ̀ ní mímọ́, bí ó tilẹ̀ dé ní òru. Ní oṣù Ògọ́ọ̀sì ọdọọdún, èrò a máa kún Òṣogbo fún ọdún Ọ̀ṣun. Láti 2005 tí àjọ UNESCO ti ka igbó náà mọ́ ogún gbogbo ayé, àwọn tí ó ti òkè òkun wá pẹ̀lú wọn. Ta ni yóò gbà wọ́n lálejò bí ó ti yẹ?

Láti 1893 ni ilé-ẹ̀kọ́ hòtẹ́ẹ̀lì ti wà ní Lausanne, ní ilẹ̀ Switzerland. Ní Nàìjíríà, àwọn Pólì ń kọ́ni ní iṣẹ́ náà, ètò SIWES tí Industrial Training Fund dá sílẹ̀ ní 1973 sì ń rán akẹ́kọ̀ọ́ lọ sí ibi iṣẹ́ gan-an.

Nísinsìnyí, ẹ̀rọ ti wọ inú rẹ̀. Ìwé ńlá ni a fi ń kọ orúkọ àlejò tẹ́lẹ̀. Kọ̀ǹpútà ni ó ń ṣe é lónìí, òun ni ó ń sọ yàrá tí ó ṣófo àti èyí tí a kò tíì gbá. Ó dára kí akẹ́kọ̀ọ́ mọ̀ ọ́n lò. Ṣùgbọ́n kí olùkọ́ fi ẹnì kan ṣe àlejò tí ó ti Àkúrẹ́ dé ní aago mọ́kànlá òru, tí a ti fi yàrá rẹ̀ fún ẹlòmíràn. Kọ̀ǹpútà yóò fi àṣìṣe náà hàn. Ohùn tí a ó fi bá ẹni tí ó rẹ̀ sọ̀rọ̀ kò sí nínú rẹ̀.

Bákan náà ni ti ilé ìdáná. Bí ife ẹ̀wà 3 bá tó ọ̀lẹ̀lẹ̀ ènìyàn 10, ẹ̀rọ yóò sọ pé 30 ni ti ènìyàn 100, yóò sì ṣírò iye owó rẹ̀. Òótọ́ ni. Síbẹ̀ a kì í sọ àkókò iná di ìlọ́po mẹ́wàá, àti nínú ìkòkò ńlá, èyí tí ó wà láàárín lè rọ̀ síbẹ̀ nígbà tí ti ẹ̀gbẹ́ ti jinná. Ọwọ́ àti imú ni ó ń mọ èyí.

Ní 2020, nígbà tí àrùn Kòrónà ti ilé-ẹ̀kọ́ pa, orí fóònù ni ọ̀pọ̀ olùkọ́ ti ń kọ́ni. Kò sí olùkọ́ tí ó lè tọ́ ọbẹ̀ wò lórí fóònù! N kò wí pé kí a kó fóònù dànù. Kí olùkọ́ ya fídíò bí òun ti ń ṣe é, kí wọ́n máa fi ránṣẹ́ láti fóònù dé fóònù láìná owó dátà, kí akẹ́kọ̀ọ́ sì wò ó nílé lẹ́ẹ̀mejì. Nígbà náà, gbogbo wákàtí tí wọ́n bá fi pàdé yóò jẹ́ ti ìdáná, olùkọ́ yóò sì ní àyè láti dúró ti ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ ṣì ń gbọ̀n.