Ẹ̀KỌ́: ÌGBÁTÍ ÒRÙLÉ ÀTI ÀTẸ̀GÙN MÀMÁ

Kà: Diutarónómì 22:8

Orí ilé àwọn ará ìgbàanì tẹ́ pẹrẹsẹ. Wọn a máa jókòó níbẹ̀, wọn a sì máa sùn níbẹ̀. Nítorí náà ni òfin ṣe pàṣẹ pé kí ẹni tí ó bá kọ́ ilé fi ìgbátí yí òrùlé rẹ̀ ká, kí ẹnikẹ́ni má baà já bọ́. Ẹ ṣàkíyèsí pé òfin náà kò dúró kí ẹnìkan kọ́kọ́ ṣubú ná.

Òrùlé tiwa ní Lọ́ńdọ̀n níhìn-ín kò tẹ́. Àtẹ̀gùn ni tiwa, àti báàfù. Ní ìgbà òtútù tí ó kọjá, ọ̀kan nínú àwọn màmá wa fi ẹsẹ̀ kọ́ kápẹ́ẹ̀tì tí ó ti ya lórí àtẹ̀gùn. Orí ilẹ̀ ni ó wà títí ilẹ̀ fi mọ́. Nígbà tí a dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ohun tí ó kọ́kọ́ sọ ni pé, "Ẹ má sọ fún káńsù o, wọn á gbé mi lọ sí ilé arúgbó." Ó ti ṣubú lẹ́ẹ̀mejì ṣáájú èyí láìsọ fún ẹnikẹ́ni, bẹ́ẹ̀ ni a sì ń kí i ní ọjọọjọ́ Ìsinmi. Ojú tì wá.

Ẹ̀rù yìí wọ́pọ̀ láàárín àwọn àgbà wa. Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni pé ìrànwọ́ wà kí àgbàlagbà lè máa gbé inú ilé ara rẹ̀. Ní England, bí káńsù bá yẹ̀ ẹ́ wò tí wọ́n rí i pé ó nílò rẹ̀, iṣẹ́ kékeré bí irin ìdìmú, tí owó rẹ̀ kò ju £1,000 lọ, ọ̀fẹ́ ni. Fún iṣẹ́ ńlá, bíi kí a yọ báàfù kúrò kí a ṣe ibi ìwẹ̀ tí kò ní ìdènà ẹsẹ̀, owó kan wà tí wọ́n ń pè ní Disabled Facilities Grant, lábẹ́ òfin ọdún 1996. Ó lè tó £30,000 ní England, £36,000 ní Wales. Wọn a wo owó tí ń wọlé fún àgbàlagbà náà àti èyí tí ó fi pamọ́ kí wọ́n tó mọ iye tí wọn yóò san. Ayálégbé pẹ̀lú lè béèrè. Láti ìgbà tí ìwé ìbéèrè bá ti pé, oṣù 6 ni òfin fún káńsù láti dáhùn. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí a fi ń retí òṣìṣẹ́ tí yóò wá yẹ ilé wò kò sí nínú rẹ̀ o, nítorí náà ẹ tètè bẹ̀rẹ̀.

Ẹ má sì ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọ́ nǹkan kan kí ìwé káńsù tó dé. Ọmọ bàbá kan nínú wa fi inú rere pe púlọ́ńbà. Káńsù kò san kọ́bọ̀ padà. Ẹni tí ìwé ìgbélùú rẹ̀ kò bá sì fún láyè láti gba owó ìjọba, kí ó rí agbẹjọ́rò kí ó tó buwọ́ lu fọ́ọ̀mù.

Àwọn panápaná Lọ́ńdọ̀n náà a máa wá yẹ ilé wò lọ́fẹ̀ẹ́.

Ní tiwa, lẹ́yìn ìsìn, àwọn ọ̀dọ́ yóò máa lọ ní méjì-méjì láti pààrọ̀ gílóòbù àtẹ̀gùn, kí wọ́n kan kápẹ́ẹ̀tì tí ó ṣí mọ́lẹ̀. Kí wọ́n má ṣe fọwọ́ kan gáàsì. Ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà nínú ìwé Gas Safe nìkan ni òfin gbà láyè. Kí wọ́n sì rántí pé irin tí a ń sá táwẹ́ẹ̀lì sí kì í ṣe irin ìdìmú. Yóò já mọ́ èèyàn lọ́wọ́.

Màmá wa ti ní irin lọ́tùn-ún lósì àtẹ̀gùn rẹ̀ báyìí. Ó ní ọ̀kan ì bá tó, ṣùgbọ́n a rí i pé méjèèjì ni ó ń dì mú.