Àpótí Ìmọ̀: Ẹ̀dà Mẹ́ta, Àkọsílẹ̀ Kan

Ká ní ₦50,000 wà nínú àkáùńtì kan, tí ẹ̀dà àkọsílẹ̀ rẹ̀ sì wà lórí kọ̀ǹpútà mẹ́ta ní ìlú ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Bí ẹni méjì bá fẹ́ gba ₦40,000 lẹ́ẹ̀kan náà, tí ẹ̀dà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ sì dá wọn lóhùn, ₦80,000 ni yóò jáde.

Ìdí nìyí tí a fi ń ti àkọsílẹ̀ pa: ẹni tó kọ́kọ́ dé á tì í, èkejì á dúró. Lẹ́yìn náà ni ìfọwọ́sí onípele méjì, tí onímọ̀ kọ̀ǹpútà Jim Gray ṣàlàyé ní 1978, kí gbogbo ẹ̀dà lè jọ gbà tàbí kí wọ́n jọ kọ̀:

1. Kọ̀ǹpútà kan tó jẹ́ alákòóso á bi gbogbo ẹ̀dà bóyá wọ́n ti ṣe tán. Ẹ̀dà kọ̀ọ̀kan á kọ iṣẹ́ náà sórí dísíìkì kó tó dáhùn.
2. Bí gbogbo wọn bá gbà, alákòóso á ní kí wọ́n fọwọ́ sí i. Bí ẹyọ kan bá kọ̀, gbogbo wọn á fagi lé e.

Ṣọ́ra: bí alákòóso bá kú láàárín ìpele méjèèjì, àkọsílẹ̀ lè wà ní títì pa títí yóò fi padà. Nítorí èyí ni Spanner, ètò ìpamọ́ dátà ti Google, fi ń lo Paxos, ọ̀nà tí ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà ń gbà fohùn ṣọ̀kan: ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà ló jọ ń ṣe alákòóso, iṣẹ́ sì ń lọ bí èyí tó pọ̀ jù nínú wọn bá ṣì wà láàyè.