Ìmọ̀ Orí Gẹ́gẹ́ Bí Dúkìá: Ẹ̀kọ́ Láti Inú Òwò Àwòrán Chip

Bismillāhir-Rahmānir-Rahīm.

Gbogbo ọpẹ́ ń bẹ fún Ọlọ́hun Ọba tí Ó fún ọmọ ènìyàn ní làákàyè. Kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá Ànábì wa Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀, àwọn sàháábà rẹ̀ àti gbogbo ẹni tí ó bá tẹ̀lé wọn dáadáa títí di ọjọ́ ìkẹyìn.



Ní ìparí ìpàdé ẹgbẹ́ wa kan, níbi tí a ti sọ̀rọ̀ lórí wíwá arísìkí hàláàlì, ìbéèrè méjì wáyé. Arákùnrin kan tí ó ń kọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ ní yunifásítì dìde, ó ní: "Ẹ ní ká má dúró de iṣẹ́ ìjọba. Bí wọ́n ṣe ń ya àwòrán chip inú kọ̀ǹpútà ni mo ń kọ́. Owó ilé-iṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe é, ọmọ ọmọ mi kò lè rí i. Kí ni kí n fi bẹ̀rẹ̀?" Arábìnrin kan náà béèrè pé: "Mo gbọ́ pé àwọn kan wà tí wọn kì í ṣe chip rárá. Àwòrán rẹ̀ ni wọ́n fi ń háyà, owó sì ń wọlé fún wọn lọ́dọọdún. Ṣé irú owó bẹ́ẹ̀ kò jọ rìbá?"

Ìbéèrè méjèèjì tọ́ kí á dáhùn. Ìdáhùn wọn ni ẹ̀kọ́ wa fún oṣù yìí.

1. Kí ni wọ́n ń tà?

Chip ni ẹ̀yà pẹlẹbẹ kékeré tí ó jẹ́ ọpọlọ inú fóònù, kọ̀ǹpútà, tẹlifíṣọ̀n àti ọkọ̀ ìgbàlódé. Sílíkọ́nì ni wọ́n fi ń ṣe é. Èyí tí kò tóbi ju èékánná lọ lè ní ọ̀kẹ́ àìmọye ọ̀nà iná nínú, tí ojú lásán kò lè rí.

Ẹ jẹ́ kí á fi ilé kíkọ́ ṣe àpẹẹrẹ. Ẹni tí ó ya plánù ilé kì í ṣe bíríkìlà, kì í sì í ṣe lánlọ́ọ̀dù. Síbẹ̀, bí plánù kò bá dára, ilé kò lè dára. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti chip: ọ̀tọ̀ ni ẹni tí ó ya àwòrán, ọ̀tọ̀ ni ẹni tí ó ṣe é jáde, ọ̀tọ̀ sì ni ẹni tí ó fi sínú fóònù tí ó tà á fún wa.

Òótọ́ ni arákùnrin wa sọ nípa owó. Ilé-iṣẹ́ kan tí ó ń ṣe chip ìgbàlódé lè jẹ ju bílíọ̀nù 10 dọ́là lọ kí ó tó dìde. Ṣùgbọ́n ní 1987, Morris Chang dá TSMC sílẹ̀ ní Taiwan, ilé-iṣẹ́ tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ kí ó máa bá àwọn ẹlòmíràn ṣe chip tí wọ́n ti ya. Láti ìgbà tí irú ilé-iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ti wà, ẹni tí ó bá ní ìmọ̀ àwòrán kò ní láti kọ́ ilé-iṣẹ́ ńlá fúnra rẹ̀ mọ́.

Àwọn kan tún lọ síwájú sí i. Wọn kò ta chip, wọn kò sì ta àwòrán náà pátápátá. Láísẹ́ńsì ni wọ́n ń tà, ìyẹn ìwé àṣẹ ìlò. Owó méjì ni wọ́n ń gbà: owó ìwọlé, tí ẹni tí ó fẹ́ lò ó ń san nígbà tí ó bá tọwọ́ bọ̀wé, àti owó ẹyọ, tí í ṣe owó kékeré lórí chip kọ̀ọ̀kan tí ó bá tà.

2. Àpẹẹrẹ àwọn ará Cambridge

Ní Cambridge, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ilé-iṣẹ́ kan wà tí ń jẹ́ Acorn, tí ó ń ṣe kọ̀ǹpútà fún ilé-ìwé. Ní 1983, wọ́n ń wá chip tí wọn yóò fi sínú kọ̀ǹpútà wọn tí ó kàn, èyí tí ó wà lọ́jà kò sì tẹ́ wọn lọ́rùn. Ẹnjiníà wọn méjì, Sophie Wilson àti Steve Furber, lọ sí Arizona ní Amẹ́ríkà láti wo bí ilé-iṣẹ́ kan níbẹ̀ ṣe ń ya chip. Wọ́n rò pé àwọn yóò bá ọ̀pọ̀ èèyàn àti ilé ńlá. Ìwọ̀nba èèyàn díẹ̀ ni wọ́n bá. Wọ́n padà sílé pẹ̀lú ìdánilójú pé bí àwọn yẹn bá lè ṣe é, àwọn náà lè ṣe é.

Owó wọn kò pọ̀, èèyàn wọn kò pọ̀. Nítorí náà wọ́n ya àwòrán tí ó rọrùn, tí kò ní àṣejù nínú. Ní ọjọ́ 26 oṣù Kẹrin 1985, chip àkọ́kọ́ dé láti ọ̀dọ̀ VLSI Technology tí ó bá wọn ṣe é, ó sì ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ náà gan-an. Wọ́n ti pinnu pé kò gbọdọ̀ máa gbóná, kí wọ́n lè fi ike olówó pọ́ọ́kú bò ó. Ẹ kíyè sí i: ohun tí wọ́n ṣe nítorí àìlówó ni ó di ọrọ̀ wọn lẹ́yìn náà, nítorí chip tí kì í gbóná ni chip tí kì í tètè jẹ bátìrì.

Ní oṣù Kọkànlá 1990, Acorn, Apple àti VLSI para pọ̀ dá ilé-iṣẹ́ tuntun sílẹ̀, èyí tí à ń pè ní Arm lónìí. Acorn mú àwòrán náà àti ẹnjiníà 12 wá. Apple mú owó tí ó tó mílíọ̀nù kan àti ààbọ̀ pọ́n-ùn wá. Abà kan ní abúlé Swaffham Bulbeck, nítòsí Cambridge, ni wọ́n sọ di ọ́fíìsì.

Robin Saxby, ọ̀gá wọn, rí i pé ọjà kan ṣoṣo kò lè bọ́ wọn. Òótọ́ ni. Newton, ẹ̀rọ àfọwọ́mú tí Apple fẹ́ fi chip náà ṣe, jáde ní 1993, kò tà bí wọ́n ti rò, Apple sì pa á tì ní 1998. Bí ó bá jẹ́ pé òun nìkan ni Arm gbójú lé ni, kò bá ti tán fún wọn. Ṣùgbọ́n wọ́n ti ń fún àwọn mìíràn ní láísẹ́ńsì: GEC Plessey, Sharp, Texas Instruments. Nípasẹ̀ Texas Instruments ni wọ́n dé ọ̀dọ̀ Nokia. Nokia ráhùn pé àṣẹ tí chip náà ń lò gba àyè púpọ̀ jù nínú fóònù, ìyẹn sì ń sọ ọjà di ọ̀wọ́n. Àwọn ará Arm kò bá oníbàárà jiyàn. Wọ́n padà sí ìdí iṣẹ́, wọ́n wá ọ̀nà láti sọ àwọn àṣẹ náà di kúkúrú. Nokia 6110, tí wọ́n kéde ní ìparí 1997, gbé chip wọn káàkiri ayé.

Ní 1998, wọ́n ta ìpín fún ará ìlú ní London àti New York. Ní 2016, SoftBank ti ilẹ̀ Japan ra ilé-iṣẹ́ náà ní bílíọ̀nù 24.3 pọ́n-ùn. Lónìí, fóònù ìgbàlódé tí iṣẹ́ Arm kò sí nínú rẹ̀ kò wọ́pọ̀. Wọ́n dé ibẹ̀ láì kọ́ ilé-iṣẹ́ kankan tí ó ń ṣe chip jáde. Ọgbọ́n ju agbára lọ.

3. Kí ni Ṣẹ̀ríà sọ?

Ẹ jẹ́ kí á dá arábìnrin wa lóhùn. Rìbá tí ó bẹ̀rù ni èlé orí owó tí a yá ènìyàn: o yá a ní 1,000 náírà, o ní kí ó dá 1,200 padà. Nínú òwò láísẹ́ńsì, kò sí ẹni tí ó yá ẹnì kan lówó. Àǹfààní ìlò ni wọ́n ń sanwó fún. Ó sún mọ́ ìjárà tí àwọn onímọ̀ fíkíhì mọ̀. Lánlọ́ọ̀dù kò ta ilé rẹ̀. Gbígbé inú rẹ̀ ni ó fi háyà. Bí ọdún bá yí, owó tún wọlé, kò sì sí onímọ̀ tí ó pè é ní rìbá.

Ṣùgbọ́n ilé ṣeé fọwọ́ kàn. Àwòrán ńkọ́? Nínú mázíhábù Málíkì tí a ń tẹ̀lé ní ilẹ̀ Yorùbá, àti ti Sháfíì àti Hánbálì, àǹfààní tí a ń rí lára nǹkan jẹ́ dúkìá. Àwọn àgbà Hánáfì ayé àtijọ́ kò kà á sí dúkìá ní àyè ara rẹ̀. Ní oṣù Kejìlá 1988, Akadẹ́mì Fíkíhì ti àjọ OIC jókòó ní Kuwait, wọ́n sì gbé ọ̀rọ̀ yìí yẹ̀wò. Wọ́n fẹnu kò pé ẹ̀tọ́ lórí ìwé tí ènìyàn kọ, ohun tí ó hùmọ̀ àti orúkọ òwò rẹ̀ jẹ́ ẹ̀tọ́ tí Ṣẹ̀ríà dáàbò bò. Kò tọ́ kí ẹnikẹ́ni tẹ̀ ẹ́ lójú. Ẹni tí ó ni ín lè fi gba owó, bí kò bá ti sí ẹ̀tàn àti gharar, ìyẹn ọjà tí ohun inú rẹ̀ ṣókùnkùn.

Owó ìbẹ̀rẹ̀ ńkọ́? Kí ó tó di pé Ànábì wa (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) gba iṣẹ́ òjíṣẹ́, ó kó ọjà Khadījah lọ sí ilẹ̀ Shām. Ẹ̀yin arábìnrin, ẹ má gbàgbé pé obìnrin ni ó ni owó náà. Ẹnì kan mú owó wá, ẹnì kejì mú iṣẹ́ àti òótọ́ wá. Irú àjọṣe yìí ni àwọn onímọ̀ ń pè ní mudārabah: wọn yóò pín èrè bí wọ́n ti ṣàdéhùn, bí àdánù bá dé láìsí àìbìkítà òṣìṣẹ́, olówó yóò pàdánù owó, òṣìṣẹ́ yóò pàdánù làálàá. A kò sọ pé mudārabah ni Acorn àti Apple ṣe. Ohun tí a ń wí ni pé ọ̀dọ́ tí ó ní ìmọ̀ tí kò lówó ní ọ̀nà tí kò gba ẹnu ọ̀nà elélèé kọjá.

4. Ibi mẹ́ta tí òwò yìí ti lè ṣubú

Èkínní ni kíkà. Ẹni tí ó gba láísẹ́ńsì ni ó mọ iye chip tí ó tà. Ẹni tí ó ni àwòrán kò sí níbẹ̀. Bí ó bá ta mílíọ̀nù kan tí ó pè é ní ẹgbẹ̀rún lọ́nà ẹgbẹ̀rin, ó ti din òṣùwọ̀n kù, ohun tí Súrà Al-Mutaffifīn kìlọ̀ fún wa nípa rẹ̀ sì nìyẹn. Nítorí náà, ìwé àdéhùn gbọdọ̀ sọ ẹni tí yóò yẹ ìwé owó wò.

Èkejì ni ìfọkàntán. Ní oṣù Kẹsàn-án 2020, Nvidia kéde pé òun fẹ́ ra Arm ní bílíọ̀nù 40 dọ́là. Nvidia fúnra rẹ̀ ń ta chip, àwọn tí ó sì ń bá du ọjà wà lára àwọn tí ó ń gba láísẹ́ńsì Arm. Wọ́n figbe ta. Ìjọba Amẹ́ríkà pe ẹjọ́ láti dá ọ̀rọ̀ náà dúró, nígbà tí ó sì di oṣù Kejì 2022, wọ́n pa á tì. Ẹni tí gbogbo ọjà fọkàn tán kò gbọdọ̀ di ti ẹnì kan. Àmáná ni.

Ẹ̀kẹta ni ohun tí a kò kọ yékéyéké. Ilé-iṣẹ́ Nuvia gba láísẹ́ńsì lọ́dọ̀ Arm. Ní 2021, Qualcomm ra Nuvia. Ṣé láísẹ́ńsì bá a lọ? Arm ní rárá, Qualcomm ní òun ní tòun tẹ́lẹ̀. Ní 2022 Arm gbé wọn lọ sí kóòtù ní Delaware. Ní oṣù Kejìlá 2024, ìgbìmọ̀ onídàájọ́ gbà pé Qualcomm ní àṣẹ lórí àwọn chip náà, ṣùgbọ́n wọn kò lè fẹnu kò lórí bóyá Nuvia tàpá sí àdéhùn tirẹ̀. Bí àwọn tí ó ní lọ́yà rẹpẹtẹ bá lè dé ibi báyìí, àwa tí a ń fi ẹnu lásán ṣàdéhùn pẹ̀lú ọ̀rẹ́ ńkọ́? Súrà Al-Mā'idah, āyah 1, pa á láṣẹ kí á mú àdéhùn ṣẹ. Súrà Al-Baqarah, āyah 282, kọ́ wa pé kí á kọ gbèsè sílẹ̀, kí á pe ẹlẹ́rìí. Ẹ má sọ pé "ọmọ ìyá ni wá nínú ẹ̀sìn" kí ẹ má fi kọ ọ́. Nítorí kí ọmọ ìyá má bàa di ọ̀tá ni a ṣe ń kọ ọ́.

5. Níbo ni kí á ti bẹ̀rẹ̀?

Lẹ́yìn ìpàdé, mo bi arákùnrin wa léèrè irú software tí ó fi ń ya àwòrán. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní: "Èyí tí wọ́n ti já kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ ni. Òun náà ni gbogbo wa ń lò." Lẹ́yìn náà ni ó dákẹ́, torí ó ti gbọ́ ohun tí ẹnu ara rẹ̀ sọ. Ó fẹ́ kí ayé máa san owó fún òun lórí ẹyọ kọ̀ọ̀kan, òun náà kò sì san kọ́bọ̀ fún ẹni tí ó ṣe irinṣẹ́ òun.

N kò sọ ọ́ láti bú u. Ọ̀pọ̀ nínú wa ni ó wà níbẹ̀: ìwé tí a dà kọ, software tí a jí gbé. Copyright Act 2022 ti orílẹ̀-èdè wa dáàbò bo software, ṣùgbọ́n kí a tó dé ọ̀dọ̀ ìjọba, Ọlọ́hun ń wò wá. Ilé tí a bá fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o.

Ọ̀nà hàláàlì sì wà. Verilator àti Yosys jẹ́ irinṣẹ́ tí àwọn tí ó ṣe wọ́n yọ̀ǹda fún gbogbo ayé lọ́fẹ̀ẹ́. RISC-V, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní yunifásítì Berkeley ní 2010, jẹ́ èdè àṣẹ chip tí ẹnikẹ́ni lè lò láì san owó láísẹ́ńsì. FPGA ni chip tí a lè tún tò bí a bá ṣe fẹ́, kí a fi dán àwòrán wa wò kí á tó náwó lé ṣíṣe é jáde. Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀yà kékeré kan tí ẹ mọ̀ dáadáa. Ẹ kọ àdéhùn láàárín ara yín. Bí ẹ bá sì fẹ́ gba láísẹ́ńsì lọ́dọ̀ ará òkè-òkun, ẹ rántí pé NOTAP ni ìjọba yàn láti máa forúkọ irú àdéhùn bẹ́ẹ̀ sílẹ̀.

Arákùnrin wa padà wá ní ìpàdé tí ó tẹ̀ lé e. Ó ní òun ti pa software yẹn rẹ́, iṣẹ́ oṣù mẹ́rin sì bá a lọ. Ó ti ń bẹ̀rẹ̀ padà. A ń ṣe àdúà fún un.

Ìbéèrè fún ìjíròrò ní ẹ̀ka wa

1. Kí ni ìyàtọ̀ láàárín èlé orí owó àti owó orí láísẹ́ńsì?
2. Kí ni ì bá ṣẹlẹ̀ sí Arm bí ó bá jẹ́ Newton nìkan ni wọ́n gbójú lé?
3. Ẹ̀yin méjì fẹ́ dá òwò sílẹ̀, ọ̀kan lówó, ọ̀kan nímọ̀. Kí ni ẹ ó kọ sínú ìwé àdéhùn yín?
4. Èwo nínú ohun tí ò ń lò lónìí ni o kò san ẹ̀tọ́ rẹ̀? Kí ni ìwọ yóò ṣe sí i?

Kí Ọlọ́hun Ọba fún wa ní ìmọ̀ tí ó wúlò, arísìkí tí ó mọ́, àti ọkàn tí kò ní jẹ ẹ̀tọ́ ẹlòmíràn. Kí Ó fi àlúbáríkà sí iṣẹ́ ọwọ́ wa. Āmīn.

Wa billāhi tawfīq.