Ọ̀gákọ̀ Kékeré àti Etíkun Sharjah
Ìtàn ọ̀gákọ̀ kékeré tó jẹ́ ajalèlókun máa ń dùn mọ́ ọmọdé, kò sì burú kó kà á. Àmọ́ kó mọ̀ pé etíkun tí Dubai àti Sharjah wà lónìí ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní Etíkun Ajalèlókun nígbà kan. Wọ́n fẹ̀sùn olè kan ìdílé Al Qasimi tó ń jọba ní Sharjah, wọ́n kó ọkọ̀ ogun lọ bá wọn ní 1809 àti 1819, àdéhùn 1820 ló sì tẹ̀ lé e. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni: ní 1986, Sultan bin Muhammad Al Qasimi, ọba Sharjah fúnra rẹ̀, gbé ìwé jáde láti já ẹ̀sùn náà nírọ́, ó ní òwò ojú òkun ni Gẹ̀ẹ́sì fẹ́ gbà. Sharjah yìí kan náà ni UNESCO fi ṣe olú-ìlú ìwé lágbàáyé ní 2019, ó sì ń ṣàjọ̀dún ìwé kíkà fáwọn ọmọdé.