ÀṢÍBORÍ TÍ A KÒ DÈ

Kà: Éfésù 6:17

Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2009, nígbà tí àjọ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó bẹ̀rẹ̀ sí fi òfin àṣíborí mú àwọn ọlọ́kadà, àwọn kan dé igbá. Wọ́n lè tan ẹ̀ṣọ́ jẹ. Ta ni yóò tan títì ọlọ́dà jẹ?

Ìwọ tí o ń gun alùpùpù kúrò ní Ṣàngó lówùúrọ̀ yìí, àṣíborí tí o kò de okùn rẹ̀ yóò bọ́ kí orí rẹ tó kanlẹ̀. Dè é lábẹ́ àgbọ̀n, kí ó fún dáadáa. Fi súpánà àti púlọ́ọ̀gì kan sábẹ́ ìjókòó, kí ọkọ̀ má baà kú mọ́ ọ lọ́wọ́ lóru. Àdúrà kì í báni de okùn.

Àdúrà: Olúwa, má jẹ́ kí n fi àìbìkítà dán Ọ wò lónìí. Àmín.